Ìgò ọ̀bẹ̀dò mi ń hó: ṣé háídírójìn ni àbí òun kọ́?

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ilé-ìwé dá lórí bí a ṣe lè rí gáàsì háídírójìn láti ara ọ̀bẹ̀dò, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo omi kànga tí a kò bá dé. Ẹ̀bá Odò Àlà ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti bu omi náà. Mo da ajílẹ̀ NPK díẹ̀ sí i, mo rọ ọ́ sínú ìgò gíláàsì onílítà méjì, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti ki bí ọbẹ̀ ewédú. Mo wá fi rọ́bà dírípù sí ọrùn ìgò, mo ti ẹnu rọ́bà náà bọ inú ìgò kejì tí mo rọ omi kún, tí mo sì dojú rẹ̀ dé sínú bàsíà. Láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, gáàsì ti ti omi bíi mílílítà 60 jáde. Inú mi dùn débi pé mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé háídírójìn ni. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Báwo ni mo ṣe máa fi hàn? Mo ń ronú pé kí n ṣáná sí i, kí n wò ó bóyá ó máa jó.

Rewaya Ìjàpọ̀

Àbúrò, má ṣáná sí nǹkan kan o! Gbé ìgò yẹn jìnnà sí sítóòfù ná. Dúró kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dé.

Ìyá Láàbù

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ọ̀bà-Ilé ni mo wà, ṣùgbọ́n ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù. Jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: nínú mílílítà 60 yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan má jẹ́ háídírójìn. Ọ́síjìn ni.

Ọ̀bẹ̀dò tó bá ń rí oòrùn, omi ló ń là. Ọ́síjìn inú omi náà á bọ́ síta, á wá fi ìyókù ṣe oúnjẹ. Ohun tó ń hó nínú ìgò rẹ lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Lóòótọ́, ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọ̀bẹ̀dò tó lè ṣe háídírójìn, hydrogenase ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òun àti ọ́síjìn, eku àti ológbò ni wọ́n. Bí ọ́síjìn díẹ̀ bá ti yọjú, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Nítorí náà, ìgò tó ń hó jù nínú oòrùn, òun gan-an ni kì í ní háídírójìn nínú.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ lónìí yìí, gba gáàsì náà sínú túùbù kékeré, èyí tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ rẹ lọ. Mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, dáná ràn án, fẹ́ iná náà pa kí ẹ̀yinná pupa ṣẹ́kù sí orí rẹ̀, kí o wá tì í bọ inú túùbù. Bí ó bá tún gbiná padà, ọ́síjìn ni. Háídírójìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé bí o bá gbé iná sí ẹnu túùbù, á dún "pọ́!" Túùbù kékeré ni mo wí o, má gbé iná súnmọ́ ìgò ńlá láéláé. Háídírójìn tó bá ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ títí dé ìdá 75 máa gbiná, ìgò á sì fọ́ sí ọ lójú. Iná rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sí ojú lọ́sàn-án. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun gbóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ nínú ìgò, èyíinì kì í ṣe háídírójìn, ẹrẹ̀ tó ń jẹrà ni, kí ó ṣí fèrèsé.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Mo ṣe é báyìí, Mà. Igi náà gbiná padà wìì! Mo ti fa ojú ìwé yẹn ya. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa dá ọ́síjìn náà dúró láìpa ọ̀bẹ̀dò fúnra rẹ̀? Bí n kò bá sì fún un ní ìmọ́lẹ̀, kí ló máa fi ṣiṣẹ́?

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Jámánì

Ibi tí o ti béèrè yìí gan-an ni gbogbo wa ń fi orí gbá. Ẹ kú iṣẹ́, Mà.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hans Gaffron ló kọ́kọ́ rí i. Chicago ló wà nígbà náà, òun àti ẹni tí wọ́n ń pè ní Rubin ló sì kọ ọ́ jáde ní 1942. Wọ́n gbé ọ̀bẹ̀dò kan tó ń jẹ́ Scenedesmus sínú òkùnkùn, níbi tí ọ́síjìn kò sí, kí ẹ́ńsáìmù yẹn lè jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i, háídírójìn sì jáde. Àmọ́ kò pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan náà tó gbé e jáde tún gbé ọ́síjìn jáde, ọ́síjìn sì pa á lẹ́nu mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 2000 ni Anastasios Melis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá kọ nípa ọgbọ́n kan. Imí-ọjọ́ ni wọ́n yọ kúrò nínú oúnjẹ ọ̀bẹ̀dò, ti Chlamydomonas reinhardtii. Bẹ́ẹ̀ ni, imí-ọjọ́ tí ẹ mọ̀ yẹn. Ìdí rèé: ẹ̀rọ inú ọ̀bẹ̀dò tó ń la omi ní púrótéènì kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà, ọ̀bẹ̀dò náà á sì máa tún un ṣe. Imí-ọjọ́ wà lára ohun tó ń fi tún un ṣe. Bí kò bá rí i, ó dà bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tí kò rí ìṣó rà. Ẹ̀rọ náà á máa dẹ́kun díẹ̀díẹ̀, ọ́síjìn tó ń ṣe á dín kù sí iye tí òun fúnra rẹ̀ ń mí sínú. Lẹ́yìn bí ọjọ́ kan, ọ́síjìn inú ìgò tí a dé pinpin á tán, hydrogenase á jí, háídírójìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìmọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbọ́dọ̀ fún un ní imí-ọjọ́ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kú.

Ní ti iye rẹ̀, nígbà tó ń ṣe dáadáa jù, nǹkan bíi mílílítà 2 sí 2.5 ni lítà kan ń fún wọn ní wákàtí kan. Má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé imí-ọjọ́ pọ̀ níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Ó wà nínú Epsom salt tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ọ̀bẹ̀dò, chloride lo máa fi dípò sulphate, nítorí inú sulphate ni imí-ọjọ́ wà. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ NPK. Ó wà nínú omi kànga àti ti bọ́hólù. Àti ọ̀bẹ̀dò fúnra rẹ̀: o gbọ́dọ̀ fi omi tí kò ní imí-ọjọ́ ṣàn án nígbà mẹ́ta ó kéré tán, kí o máa jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí o fi ẹ̀rọ yí i, kí o da omi orí rẹ̀ nù.

Rewaya Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi ọ̀rọ̀ omi. Àbúrò, bí wọ́n bá ní kí o lọ ra omi tí kò ní ohunkóhun nínú, ọ̀dọ̀ àwa oníbátìrì lo máa wá, abí? Ṣọ́ra. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù: ti omi àti ti ásíìdì. Ásíìdì bátìrì, imí-ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn a sì máa fi ike kan náà bu méjèèjì. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì omi tuntun níwájú rẹ.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Èyí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ìṣòro mi ni pé mi ò ní Chlamydomonas tó mọ́. Odò Àlà ni tèmi, mi ò sì mọ iye oríṣi tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń ra èyí tó dára, owó rẹ̀ sì ju ti oúnjẹ mi oṣù mẹ́ta lọ.

Ìyá Ológì, Oǹdó

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ògì àti gààrí ni mo ń ṣe ní ìlú Oǹdó níbí. Ọmọ mi obìnrin ló fi ìjíròrò yín hàn mí. Ó ní àwọn kòkòrò kan tún wà tó ń jẹ omi kíkan, tó sì ń ṣe gáàsì yìí. Ṣé lóòótọ́ ni? Nítorí omídùn tí mò ń dà nù lọ́sẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá kò gbà á.

Ìyá Láàbù

Ìyá wa, ẹ káàbọ̀. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀nà yìí ba ọmọ wa yìí lára mu ju ti ọ̀bẹ̀dò lọ.

Bakitéríà kan wà tó pupa bí epo tàbí bí omi ìsápá. Rhodobacter àti Rhodopseudomonas wà lára wọn. Òun náà ń lo ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í la omi, nítorí náà kì í ṣe ọ́síjìn rárá. Ásíìdì ló ń jẹ: ti ọtí kíkan, ti omídùn, irú rẹ̀. Gest àti Kamen ló sọ ọ́ síta ní 1949 pé irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ń ṣe háídírójìn nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ yàtọ̀, nitrogenase ni, èyí tí wọ́n fi ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Bí kò bá rí náítírójìn lò, háídírójìn ló máa ń tú jáde.

Ẹ wá gbọ́ o: ammonia ń pa ẹ́ńsáìmù yìí lẹ́nu mọ́. Bakitéríà tó bá rí ammonia jẹ kò tún ní fi agbára ṣòfò láti wá náítírójìn. Nítorí náà, ọmọ mi, NPK rẹ dà á nù. Yúríà dà á nù. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ lásán tó wà lókè ìgò, náítírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò dára. Ágọ́nì ni kí o fi lé e jáde. Àwọn wẹ́dà tó ń jó alumíníọ̀mù àti irin tí kì í dípẹtà ní sílíńdà ágọ́nì. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ́ ẹ sínú ìgò rẹ fún ìṣẹ́jú méjì, wọn kò ní gba ju owó mínírà lọ.

Bí o ṣe máa rí bakitéríà náà: bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, ṣíbí tíì kan tó. Fi sínú ìgò gíláàsì funfun, bu omi oúnjẹ rẹ̀ kún un dé ẹnu, dé e pinpin, kí o gbé e sí iwájú iná. Má máa ṣí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ara ìgò tó kọjú sí iná á bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Bu láti ibi pupa yẹn sínú ìgò tuntun. Tún bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà mẹ́ta, mẹ́rin.

Omídùn ìyá wa: kọ́kọ́ sè é kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ kú, jẹ́ kí ó tutù, sẹ́ ẹ, bu omi là á dáadáa, kí o fi kán-ún díẹ̀díẹ̀ dá ìkan rẹ̀ padà títí bébà pH á fi fi nǹkan bíi 7 hàn. Bí o kò bá sè é, àwọn kòkòrò mìíràn inú rẹ̀ lè ṣe háídírójìn láti ara ìyókù àgbàdo nínú òkùnkùn biribiri, ìwọ á rò pé iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni.

Ìyá Ológì, Oǹdó

Háà, ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ọmọ náà wá gbé omídùn. Kò ní san kọ́bọ̀. Kí ó ṣáà mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà wá.

Rewaya Ìjàpọ̀

Irú iná wo ni? Nítorí LED ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí, ìyẹn ló wà ní ọjà.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yìí ni mo fi oṣù méjì ṣòfò lé lórí kí n tó mọ̀ ọ́n. LED funfun kò wúlò fún bakitéríà pupa yìí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà jù kì í ṣe èyí tí ojú wa ń rí, ó wà ní bíi 800 sí 900 nanometer, ibi tí ooru iná ti ń bẹ̀rẹ̀. LED funfun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i. Gílóòbù àtijọ́ ni, èyí tó ní wáyà nínú tó máa ń gbóná jọ́nwọ́njọ́nwọ́n. Wọ́ọ̀tì 60 kan tó fún ìgò mẹ́ta. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ń fi iná ṣòfò, ìfiṣòfò rẹ̀ gan-an ni oúnjẹ bakitéríà yìí. Ṣùgbọ́n kí ìgò jìnnà tó bí ẹsẹ̀ kan, kí o sì gbé wọn sínú bàsíà omi kí wọ́n má bàa kọjá ìwọ̀n 30 sí 32. Fún ọ̀bẹ̀dò, LED dára, ìwọ̀n 25 ló sì fẹ́ràn, èyí tó nira ní Àkúrẹ́ ní oṣù kẹta.

Rewaya Ìjàpọ̀

Mo ṣì ní gílóòbù bẹ́ẹ̀ nínú páálí kan. Àwọn olóròmọdìẹ nìkan ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Àbúrò, wá mú kan.

Tísà Fíṣíìsì, Ìdànrè

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Lítà háídírójìn kan kò ní ju agbára ooru bíi kílójúùlù 10 lọ nínú. Láti gbé lítà omi kan láti ìwọ̀n 27 dé ibi tó ti máa hó, nǹkan bíi kílójúùlù 305 ló ń gbà. Ìyẹn ni pé lítà háídírójìn bíi 30 ni omi ẹ̀bà ẹni méjì péré, bí ooru kankan kò bá sì ṣòfò. Pẹ̀lú iye tí ẹ̀gbọ́n wa ní Jámánì sọ, lítà ọ̀bẹ̀dò kan lè fúnni ní bíi mílílítà 55 lójúmọ́. Ẹ pín in: ó lé ní lítà 500. Táńkì omi ńlá tó kún fún ọ̀bẹ̀dò, nítorí ẹ̀bà! Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ kọ sí iwájú ìwé rẹ̀ pé òun máa gba Nàìjíríà lọ́wọ́ gáàsì ìdáná.

Ìyá Láàbù

Tísà, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Kí ó kọ ìṣírò yín yìí sínú ìwé gan-an. Ohun tí wọ́n máa fún un ní máàkì lé lórí kò ju pé ṣé nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé gbára lé. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí wíwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún àwọn ọmọ jù.

Àkọ́kọ́, jíjò. Kò sí gáàsì tó fúyẹ́ tó háídírójìn. Rọ́bà sílíkóònù rírọ̀ tí ẹ máa ń rà, inú ara rẹ̀ ló ń gbà jáde, kì í ṣe ojú ihò nìkan. Rọ́bà dírípù sàn díẹ̀, gé e kí ó kúrú. Ìdérí tó dára jù tí mo mọ̀ ní tòsí ni rọ́bà líle tó wà ní ẹnu ìgò abẹ́rẹ́ àti ìgò dírípù onígíláàsì, abẹ́rẹ́ lè wọ inú rẹ̀ kí ó sì pa ojú ara rẹ̀ dé. Sírínjì àti abẹ́rẹ́ tuntun ni kí o rà ní ilé kẹ́míìsì, má lọ ṣa ti ọsibítù.

Èkejì, carbon dioxide. Bakitéríà pupa náà máa ń tú u jáde pẹ̀lú háídírójìn. Po kọ́sítíìkì sódà sínú omi, irú èyí tí àwọn alásẹ ọṣẹ ń lò, kí gáàsì gba inú rẹ̀ kọjá kí o tó wọ̀n ọ́n. Kọ́sítíìkì á gbé carbon dioxide mì, háídírójìn á kọjá lọ. Wọ ìbọ̀wọ́, kọ́sítíìkì kò mọ ọmọ ìyá ẹni.

Ẹ̀kẹta, ìṣírò. Gbogbo ọmọ tó wá bá mi ló ń fi 22.4 pín mílílítà gáàsì rẹ̀ kí ó lè di mílímóòlù, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka iye gáàsì. Nọ́ńbà ibi tí omi ti ń di yìnyín nìyẹn, létí òkun! Ta ló bá ọ gbé yìnyín wá sí Àkúrẹ́? Ìwọ̀n 30 ni yàrá rẹ, Àkúrẹ́ ga tó bíi mítà 350 sí ojú òkun, nítorí náà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ níbí kò ju nǹkan bíi kílópáskàlì 97 lọ. Nínú 97 yẹn, oru omi ti gba bíi 4 nítorí pé orí omi lo ti gba gáàsì rẹ. Ó ku 93. Bí o bá rí mílílítà 40, ẹni tó fi 22.4 pín máa kọ mílímóòlù 1.79. Òtítọ́ rẹ̀ ni 1.48. O ti fi ohun tó lé ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bù fún ara rẹ, láìjalè.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń dán ohun èlò àwọn ọmọ wò kí n tó gbà wọ́n gbọ́. Wọn síńkì tó mọ́, mílígíráàmù 65, kí ó jẹ́ lórí ìwọ̀n gidi. Fi sínú ìgò rẹ, dé e, fi sírínjì fún un ní ásíìdì hydrochloric díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní SS1. Mílímóòlù kan ni háídírójìn tó máa jáde. Ní Àkúrẹ́, lórí omi, nǹkan bíi mílílítà 27 ni kí o rí, lẹ́yìn tí o bá yọ iye ásíìdì tí o fi sírínjì tì sínú ìgò, nítorí òun náà ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí ó bá dín, ohun èlò rẹ ń jò, má tíì fi bakitéríà kankan sínú rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Mà, mo ti tẹ gbogbo èyí sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣé mo ṣì nílò GC, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn gáàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí mo bá ti ṣe gbogbo èyí?

Ìyá Láàbù

O nílò rẹ̀, ó kéré tán fún àpẹẹrẹ díẹ̀. Omi tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgò mọ iye gáàsì, kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Jámánì

Béèrè ìbéèrè méjì kí o tó sanwó GC. Kí n tó kúrò nílé, mo gbé àpẹẹrẹ mẹ́fà lọ sí láàbù kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gba owó mi, wọ́n ní kò sí háídírójìn kankan níbẹ̀. Mo sunkún délé. Ìgbà tí mo dé ìhín ni mo tó mọ̀ pé FID, èyí tó ń fi iná dá gáàsì mọ̀, ni ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Háídírójìn gan-an ni iná tí FID ń jó, kò lè rí i láéláé! TCD ni kí o béèrè, èyí tó ń fi bí gáàsì ṣe ń gbé ooru dá a mọ̀. Ìkejì, kí ni gáàsì tó ń gbé àpẹẹrẹ kọjá nínú ẹ̀rọ? Bí ó bá jẹ́ helium, háídírójìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, nítorí bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé ooru jọra. Ágọ́nì tàbí náítírójìn ni kí ó jẹ́. Ágọ́nì dára jù fún ọ, torí pé èyí tí wẹ́dà fẹ́ sínú ìgò rẹ kò ní yọ lẹ́nu, kò ní hàn rárá.

Àti ìgò àfiwé o! Ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan tí o fi fọ́ìlì wé, ọ̀kan tí o ti sè kí bakitéríà inú rẹ̀ kú. Ọjọ́ kan náà, bàsíà kan náà.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn *(ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)*

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ o. Mo ṣì wà láyé.

Síńkì kọ́kọ́ dójú tì mí. Mílílítà 21 péré ni mo rí nígbà àkọ́kọ́. Mo fi ìfófò ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo yọ rọ́bà sílíkóònù tí mo fi ṣe ìdérí, tí mo fi ti ìgò dírípù rọ́pò rẹ̀, ó di 26.5. Mo jó lọ́jọ́ yẹn.

Ẹrẹ̀ tí mo bù pupa ní ọjọ́ kọkànlá. Ìgò tó wà níwájú gílóòbù nìkan ló pupa, èyí tó wà níwájú LED kàn ń ṣe bí omi àgbo. Omídùn ìyá wa ní Oǹdó ni mo lò (Mà, mo ti dá kẹ́ẹ̀gì padà, ọmọ yín ló gbà á). Iná ọba lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án ní ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn kọ́sítíìkì, lẹ́yìn TCD, háídírójìn ìgò ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mílílítà 22. Ti fọ́ìlì, 2. Ti sísè, òdo. Nítorí náà 20 ni mo kọ pé ó wá láti ọwọ́ ìmọ́lẹ̀, ó jẹ́ mílímóòlù 0.74. Láti 60 dé 20, ọ̀gá mi sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Tísà Fíṣíìsì, Ìdànrè

Ó ku lítà 29 àti mílílítà 980 kí omi ẹ̀bà tó hó. O kú iṣẹ́ gidi, ọmọ mi.

Ìyá Láàbù

Mo yọ̀ fún ọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣe é?

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ẹ̀ẹ̀kan, Mà.

Ìyá Láàbù

Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí o tó kọ orí kẹrin.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ó dáa, Mà. Ṣùgbọ́n gílóòbù náà ti jó lánàá nígbà tí wọ́n dá iná padà. Ẹ̀gbọ́n Rewaya, ṣé ó ku ọ̀kan?

Rewaya Ìjàpọ̀

Ó ku méjì. Wá kí aago mẹ́wàá tó lù lọ́la, mò ń lọ sí Ọ̀wọ̀. Mú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn dání wá pẹ̀lú, kí n wò ó bóyá òun ló jó o.